Ta ni Ọkùnrin Kẹrin? Ohun tó ń mú kí ìparí eré ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tẹ́ni lọ́rùn

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá wa. Ọ̀rọ̀ Line of Duty, eré tẹlifíṣọ̀n ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nípa àwọn ọlọ́pàá tó ń wádìí ọlọ́pàá oníwà ìbàjẹ́, ti di àríyànjiyàn láàárín èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin. Láti 2012 tí eré náà ti bẹ̀rẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi ti ń wò ó; èmi wo sáà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà láàárín oṣù kan. Nígbà tí wọ́n wá tú àṣírí ẹni tí wọ́n ń pè ní Ọkùnrin Kẹrin, ẹni ìkẹyìn nínú àwọn mẹ́rin tó ń bá àwọn ọ̀daràn ṣiṣẹ́ ní ìkọ̀kọ̀, èmi ní ó dáa bẹ́ẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi ní wọ́n rẹ́ òun jẹ. Wọ́n ní ẹni tó kọ eré náà kò mọ ibi tó ń lọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ta ló jàre nínú wa? Báwo la tiẹ̀ ṣe ń mọ̀ bóyá ìparí irú eré bẹ́ẹ̀ dáa? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dárúkọ èyí tí mo lè wò tẹ̀ lé e, tí ìparí rẹ̀ kò ní dá ìjà sílẹ̀.

Ìdáhùn: Ẹ kú ìwòran, ẹ sì bá mi kí ẹ̀gbọ́n. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ kìlọ̀ fún àwọn mìíràn tó ń ka èyí: mi ò ní fi orúkọ aṣebi kankan pamọ́. Ẹni tí kò bá tíì wo Line of Duty, Broadchurch, The Killing tàbí Twin Peaks, tó sì ní in lọ́kàn láti wò wọ́n, kó yáa dúró síbí ná.

Lójú tèmi, ẹ̀gbọ́n yín lẹ́tọ̀ọ́ láti bínú, àmọ́ ẹ̀sùn tí wọ́n fi kan òǹkọ̀wé náà kọ́ ló yẹ kí wọ́n fi kàn án. Pé Jed Mercurio kò mọ ibi tó ń lọ? Ẹ̀sùn yẹn kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

Láti sáà kìíní, ní 2012, ni Ian Buckells, ọlọ́pàá tó padà jẹ́ Ọkùnrin Kẹrin náà, ti wà nínú eré náà. Ó tún yọjú ní sáà kẹrin, ó sì wà ní sáà kẹfà. Àmì tó tú u fó náà kì í ṣe ohun tí wọ́n ṣàdédé fà yọ ní ọjọ́ ìkẹyìn. Aṣebi tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ yìí máa ń bá àwọn ọ̀daràn sọ̀rọ̀ lórí kọ̀ǹpútà, ó sì máa ń ṣi ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan kọ: dípò definitely, definately ló máa ń tẹ̀. A ti rí i ní sáà karùn-ún. Ted Hastings, ọ̀gá AC-12, ẹ̀ka tó ń wádìí àwọn ọlọ́pàá oníwà ìbàjẹ́, fúnra rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀ nígbà tó ń díbọ́n pé òun ni aṣebi náà, ọ̀pọ̀ òǹwòran sì fi gbogbo ẹnu sọ pé ọwọ́ ti tẹ bàbá. Ní sáà kẹfà ni wọ́n wá tú ìwé àtijọ́ palẹ̀, tí wọ́n rí àṣìkọ kan náà nínú ohun tí Buckells kọ nígbà kan.

Ní 1929, Ronald Knox, àlùfáà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tó tún máa ń kọ ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́, ṣe òfin mẹ́wàá fún àwọn tó ń kọ irú ìtàn bẹ́ẹ̀. Àkọ́kọ́ nínú wọn ni pé ọ̀daràn gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tí a ti dárúkọ láti ìbẹ̀rẹ̀ ìtàn. Òmíràn ni pé ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kò gbọ́dọ̀ rí àmì kan kó má fi han òǹkàwé. Ẹ gbé Line of Duty lé òfin méjèèjì yìí, kò jẹ̀bi. Ẹni tó bá fẹ́ mọ Buckells ṣáájú lè mọ̀ ọ́n, àwọn kan sì mọ̀ ọ́n.

Kí wá ló bí ẹ̀gbọ́n yín nínú?

Ẹ padà sínú yàrá onígíláàsì yẹn, níbi tí AC-12 ti ń fọ̀rọ̀ wá àwọn afurasí lẹ́nu wò. Gbogbo ẹni tó bá wo eré náà ló mọ̀ ọ́n: tábìlì gígùn, fáìlì tí wọ́n tò síwájú, ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ tó máa ń han gooro bí ẹni pé kò ní dákẹ́ mọ́ kí ẹnikẹ́ni tó lanu. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti kọ́ wa pé ibẹ̀ ni ìjà gidi ti ń wáyé. Ẹni tó bá jókòó sí òdìkejì tábìlì máa ń gbọ́n féfé, ó lẹ́nu, ó lè yí ọ̀rọ̀ dà mọ́ àwọn tó ń bi í léèrè lọ́wọ́ títí tí àwọn fúnra wọn á fi máa wí àwíjàre. Ní ìpín tó kẹ́yìn, ìlẹ̀kùn ṣí, a sì rí Buckells tó wọlé, láti inú ẹ̀wọ̀n tí wọ́n ti tì í mọ́ lórí ẹ̀sùn mìíràn. Ó jókòó. Ó ní òun kò ní nǹkan kan í sọ. Wọ́n fúngun mọ́ ọn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ọ̀rọ̀ wá jáde, kò sí ọgbọ́n àrékérekè kankan nínú rẹ̀: ọ̀lẹ ọlọ́pàá kan ni, tó ń gbowó, tó ń jíṣẹ́ láàárín àwọn ẹgbẹ́ ọ̀daràn àti àwọn ọlọ́pàá tó ti tà, tí àìmọṣẹ́ rẹ̀ sì ń gbé e ga lẹ́nu iṣẹ́ dípò kó já a walẹ̀.

Ohun tí Mercurio fẹ́ sọ gan-an nìyẹn. Ìwà ìbàjẹ́ kì í sábà ní ọba kan tó jókòó sínú òkùnkùn tó ń darí gbogbo rẹ̀. Àwọn gọ̀ǹgọ̀ṣú tí àwọn ọ̀gá ń bò láṣìírí ló ń jẹ́ kó gbilẹ̀. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni, mo sì rò pé òun ni ọ̀rọ̀ tó láyà jù lọ tí eré náà sọ látìgbà tó ti bẹ̀rẹ̀. Àmọ́ fún ọdún mélòó kan ni eré kan náà ti ń sọ òdìkejì rẹ̀ sí wa létí.

Ẹ ka bí ìbéèrè náà ṣe ń wú. Ní sáà kẹta, ní 2016, Dot Cottan, ọlọ́pàá tó ń ṣiṣẹ́ fún àwọn ọ̀daràn, ń kú lọ, ó sì jẹ́rìí fún Kate Fleming ti AC-12 nípa àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ní sáà kẹrin, ọ̀rọ̀ di ti ẹnì kan tí orúkọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà H, gbogbo ọ̀gá ọlọ́pàá tó bá sì ní H nínú orúkọ di ẹni àfurasí. Ní sáà karùn-ún, ní 2019, Steve Arnott, òun náà ti AC-12, tún fídíò Cottan wò, ó rí i pé ìka ọwọ́ ọkùnrin tó ń kú lọ náà ń lu ìlù Morse, àmì tí wọ́n fi ìró dípò lẹ́tà. Lẹ́tà H nínú Morse jẹ́ àmì tóótòòtó mẹ́rin, nítorí náà ènìyàn mẹ́rin ni, wọ́n ti rí mẹ́ta, ó ku ẹyọ kan. Ẹ ò rí i pé kò sí ìgbà tí wọ́n tún ìbéèrè náà béèrè tí kò lágbára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ? Ẹni tí wọ́n bá fi irú ìlù bẹ́ẹ̀ pè, a máa ń retí pé ilẹ̀ á mì nígbà tó bá ń bọ̀. Buckells ló jáde.

Gbogbo eré àdììtú ló ń jẹ òǹwòran ní gbèsè láti ìpín àkọ́kọ́. Bí wọ́n bá ní ta ló pa ọmọ yìí, gbèsè kan nìyẹn. Bí wọ́n bá tún fi kún un pé ẹni tó pa á ni olórí gbogbo ibi tó wà nílùú, gbèsè ti di púpọ̀. Orúkọ tí wọ́n bá dá ní ọjọ́ ìkẹyìn lè jẹ́ orúkọ tó tọ̀nà, kó bá gbogbo àmì mu, síbẹ̀ kó má tó gbèsè náà san. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Line of Duty nìyẹn: ìdáhùn tó péye sí ìbéèrè tí wọ́n ti fẹ̀ jù.

Ọdún mẹ́sàn-án tí ẹ̀gbọ́n yín fi wò ó kò sì kéré nínú ọ̀rọ̀ yìí. Láàárín sáà karùn-ún àti ìkẹfà nìkan, ọdún méjì ló lọ, àrùn kòrónà sì wà lára ohun tó dá iṣẹ́ wọn dúró. Òǹwòran kì í jókòó lásán ní irú àsìkò bẹ́ẹ̀. Á máa kọ ìparí tirẹ̀ nínú ọkàn. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ á kọ tirẹ̀, wọn á jọ jiyàn, ìparí tí wọ́n fọwọ́ ara wọn hun á sì máa dùn sí i lójoojúmọ́. Nígbà tí ìpín tó kẹ́yìn jáde ní ọjọ́ 2 oṣù Karùn-ún 2021, nǹkan bíi mílíọ̀nù 12.8 èèyàn ló jókòó tì í ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lálẹ́ ọjọ́ náà. Òǹkọ̀wé wo ló lè bá orí tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ díje? Ẹ̀yin ní tiyín, ìpín kan ń lé èkejì wọlé, ẹ kò tíì parí ìfura kan tí òmíràn fi dé. Ẹ kò ráyè kọ ìparí kankan sílẹ̀ dè é. Ìdí nìyẹn tí Buckells kò fi wọ̀ yín lára bí ó ṣe wọ ẹ̀gbọ́n yín.

Ẹ jẹ́ kí n wá fi èyí tí wọ́n san gbèsè rẹ̀ dáadáa hàn yín. Broadchurch, sáà kìíní, ìpín mẹ́jọ, 2013, ITV. Wọ́n bá òkú Danny Latimer, ọmọ ọdún mọ́kànlá, létí òkun. Ellie Miller, ọlọ́pàá tó ń gbé ní ìlú kékeré náà, wà nínú àwọn tó ń wá apànìyàn, àfi bó ṣe di pé Joe, ọkọ rẹ̀, ló pa á. Bí orúkọ nìkan bá ni ká wò, kò yàtọ̀ gédégbé sí ti Buckells: èèyàn jẹ́jẹ́ kan tó wà nítòsí látọjọ́ yìí. Nílé ni Joe máa ń wà, tó ń tọ́jú ọmọ nígbà tí ìyàwó rẹ̀ ń wá apànìyàn kiri. Àwọn òǹwòran kan ti fura sí i, wọ́n sì ti ń sọ ọ́ kó tó di ọjọ́ náà. Síbẹ̀, èmi kò tíì pàdé ẹni tó ní wọ́n fi ìparí yẹn rẹ́ òun jẹ.

Ìpín keje ni kí ẹ lọ wò. Susan Wright, obìnrin kan nílùú náà, sọ fún Ellie pé ọkọ òun bá àwọn ọmọbìnrin àwọn lò pọ̀ nínú ilé tí òun náà ń gbé. Ellie kò lè pa á mọ́ra, ó bi í pé báwo ni kò ṣe mọ̀. Nínú ohùn rẹ̀, a gbọ́ pé kò gbà á gbọ́, pé lójú rẹ̀, obìnrin tó ní òun kò mọ̀ ń purọ́ ni. Ìpín kan péré lẹ́yìn náà, Alec Hardy, ọ̀gá rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́, jókòó tì í, ó sì sọ orúkọ Joe fún un. Kò sẹ́ni tó ní láti tún ìbéèrè yẹn bi í. Ó ti bi ara rẹ̀ kó tó mọ̀ pé ara rẹ̀ ló ń bi.

Ẹ tún wo ibi tí wọ́n fi ìtúfó náà sí. Wọn kò gbé e pamọ́ títí di ìṣẹ́jú márùn-ún tó kẹ́yìn. Wọ́n ti tú u jáde nígbà tí ọ̀pọ̀ ṣì kù nínú ìpín kẹjọ, wọ́n sì fi ìyókù rẹ̀ wo bí orúkọ náà ṣe ń jó wọ ara àwọn èèyàn: Ellie, ọmọ rẹ̀, àwọn òbí Danny. Chris Chibnall, tó kọ ọ́, kò jẹ́ kí púpọ̀ nínú àwọn òṣèré mọ apànìyàn fún ọ̀pọ̀ jù lọ ìgbà tí wọ́n fi ń ya eré náà, ṣùgbọ́n òun ti mọ̀. Ìbéèrè tí wọ́n béèrè ní ìpín kìíní, lórí ọmọ kan àti ìlú kan, kò fẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ títí tí wọ́n fi dáhùn rẹ̀.

Fún òdìkejì rẹ̀, The Killing ti AMC ní Amẹ́ríkà ni mo máa ń tọ́ka sí. Ní 2011, orí ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n fi polówó rẹ̀: ta ló pa Rosie Larsen? Òǹwòran jókòó tì í fún ìpín mẹ́tàlá. Ní ìpín kẹtàlá, wọ́n mú olóṣèlú kan, Darren Richmond. Kí ó tó parí, a gbọ́ pé àwòrán tí wọ́n fi mú un, ayédèrú ni. Eré tán. Ẹ padà wá lọ́dún tó ń bọ̀. Inú bí àwọn èèyàn gidi, wọ́n sì jàre. Forbrydelsen, eré ilẹ̀ Denmark ti 2007 tí wọ́n fi ṣe àwòkọ rẹ̀, dáhùn ìbéèrè tirẹ̀ nínú ìpín ogún tí sáà kìíní rẹ̀ ní. Ohun tó tún wá dunni ni pé ìdáhùn tí The Killing padà fún wa ní 2012 dára. Terry, arábìnrin ìyá Rosie, ló ti ọkọ̀ sínú omi láìmọ̀ ẹni tí wọ́n tì mọ́ inú bùùtù rẹ̀. Ó gbọ́ igbe ọmọbìnrin kan, ó ti ọkọ̀ náà. Mi ò gbàgbé ìran yẹn. Àmọ́ ọ̀pọ̀ àwọn tó yẹ kó rí i ti lọ tipẹ́.

Twin Peaks ti 1990 sì ń kọ́ wa pé ìdáhùn lè yá jù. David Lynch àti Mark Frost kò fẹ́ sọ ẹni tó pa Laura Palmer nígbà náà rárá. Iléeṣẹ́ ABC ló ń fúngun mọ́ wọn. Wọ́n sọ ọ́ ní oṣù Kọkànlá ọdún yẹn, ní àárín sáà kejì: Leland, bàbá rẹ̀ tó bí i, ni, pẹ̀lú ẹ̀mí burúkú kan nínú rẹ̀. Ìran tí ìdáhùn náà fi jáde bani lẹ́rù títí dòní. Ìpín tó ṣẹ́ kù wá dà bí ilé tí onílé ti kó jáde, àwọn òǹwòran ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ABC sì gbé e kúrò ní 1991.

Ní ti Lost, eré nípa àwọn tí ọkọ̀ òfuurufú wọn já sí erékùṣù kan, mi ò ní pẹ́ lórí rẹ̀ torí kì í ṣe eré ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́. Mo kàn fẹ́ dá ọ̀rọ̀ kan dúró, èyí táwọn kan ń sọ pé gbogbo wọn ti kú látìgbà tí ọkọ̀ náà já: wọn kò kú láti ìbẹ̀rẹ̀. Bàbá Jack, olú ẹ̀dá ìtàn náà, sọ ọ́ ketekete fún un nínú ilé ìjọsìn ní 2010 pé gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wọn ló ṣẹlẹ̀ lóòótọ́. Àwòrán àfọ́kù ọkọ̀ òfuurufú tí ABC fi sábẹ́ orúkọ àwọn òṣèré lẹ́yìn eré wà lára ohun tó ṣi àwọn èèyàn lọ́nà. Ẹ wo bí ohun kékeré ṣe lè ba ìparí jẹ́!

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe eré tẹlifíṣọ̀n náà wà nínú ẹjọ́ yìí. Ẹni tó ń kọ ìwé mọ ojú ewé tó máa parí sí. Ẹni tó ń kọ eré kì í sábà mọ̀: wọ́n lè fún un ní sáà mìíràn, wọ́n sì lè pa iná mọ́ ọn lójú. Torí náà á fi ilẹ̀kùn kan sílẹ̀ láìtì ní ìparí sáà kọ̀ọ̀kan. Bí sáà tuntun bá dé, ó ní láti kọ́ yàrá sẹ́yìn ilẹ̀kùn náà. Lẹ́tà H tó di mẹ́rin, irú yàrá bẹ́ẹ̀ ni lójú tèmi. Kì í ṣe pé Mercurio kò mọ̀nà. Ọ̀nà ló ń gùn sí i bó ṣe ń rìn ín.

Ẹ béèrè bí mo ṣe ń mọ ìparí tó dáa. Mo máa ń padà lọ wo ìpín kìíní lẹ́yìn tí mo bá ti wo ti ìkẹyìn. Bí mo bá padà sí Broadchurch, gbogbo ìgbà tí Ellie bá dé ilé, tó ti rẹ̀ ẹ́, tí Joe sì ń kí i káàbọ̀, ara mi ń bù máṣọ. Ọ̀rọ̀ lásán ni lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Lẹ́ẹ̀kejì, kò sí gbólóhùn kan tó mọ́ nínú rẹ̀. Mo padà sí sáà kìíní Line of Duty, mo wo Buckells, mo sì rí ohun tí mo rí tẹ́lẹ̀: ọlọ́pàá ọ̀lẹ kan. Àmì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìmọ̀ tuntun kò yí nǹkan kan padà lára rẹ̀. Bí ẹ̀gbọ́n yín bá fẹ́ rojọ́ mọ́ eré náà, ibẹ̀ ni kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Àti lórí ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá, Philip Osborne, tí wọ́n jẹ́ ká rí gbogbo ìdọ̀tí ọwọ́ rẹ̀ tí kò sì sí ohun tó ṣe é. Èyí tiẹ̀ bí èmi náà nínú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo mọ̀ pé ayé rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ máà sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ìparí kò dáa torí pé òun ti mọ̀ ọ́n ṣáájú. Ní 2011, àwọn olùwádìí méjì ní Yunifásítì California ní San Diego fún àwọn èèyàn ní ìtàn kéékèèké kà, ti àdììtú wà nínú wọn, wọ́n sì kọ́kọ́ sọ ìparí fún àwọn kan. Àwọn tó ti mọ ìparí ló gbádùn ìtàn náà ju àwọn tí kò mọ̀ ọ́n lọ díẹ̀. Àwọn ìwádìí mìíràn lẹ́yìn rẹ̀ ti rí òdìkejì, nítorí náà kò tíì di òfin. Ṣùgbọ́n ó tó láti fi hàn pé orúkọ apànìyàn nìkan kọ́ la ń torí rẹ̀ jókòó.

Èyí tó gbé mi dé orí ohun tí ẹ lè wò tẹ̀ lé e: Columbo, eré ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ ni wọ́n ti máa ń fi apànìyàn hàn yín, pẹ̀lú bó ṣe pa á àti irọ́ tó fẹ́ fi bò ó. Lẹ́yìn náà ni Peter Falk, tó ṣe ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Columbo, á wá yọ nínú kóòtù òjò rẹ̀ tó ti rún, bí ẹni tí kò mọ ọwọ́ ọ̀tún yàtọ̀ sí ti òsì, á béèrè ìbéèrè tí kò já mọ́ nǹkan, á kí wọn pé ó dàbọ̀, á dé ẹnu ọ̀nà, á tún yí padà pé ó ku nǹkan kan. Bí yóò ṣe mú un nìkan ni ẹ kò mọ̀. Ìpín kọ̀ọ̀kan dá dúró, wọ́n sì ń san gbèsè wọn lálẹ́ ọjọ́ tí wọ́n jẹ ẹ́. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti Murder by the Book ti 1971, tí Steven Spielberg darí kí ayé tó mọ orúkọ rẹ̀. Ẹ pe ẹ̀gbọ́n yín kí wọ́n wá bá yín wò ó. Bí wọ́n bá pẹ́ dé, ẹ sọ apànìyàn fún wọn.